Òrùlé Tó Gbé Òkìtì Sínóò ní Thamesmead

Iṣẹ́ òrùlé ni mo fi ayé mi ṣe. Kì í ṣe pé mo ń gun òkè lọ kan páànù o. Àwọn káfíńtà àti àwọn wẹ́dà ló ń ṣe ìyẹn. Èmi ni mo ń yàwòrán egungun òrùlé, igi tó dábùú, òpó tó dúró, irin tó so wọ́n pọ̀, tí mo sì ń ṣírò bóyá wọn yóò lè gbé ohun tí Ọlọ́run bá sọ̀ kalẹ̀ lé wọn lórí. Ní ìlú òyìnbó, ohun tí Ọlọ́run ń sọ̀ kalẹ̀ kò mọ sórí òjò. Òjò dídì wà níbẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sínóò.

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi tí wọ́n bí sí Woolwich níbí gbọ́ pé ọ̀rọ̀ sínóò ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹun, ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Auntie, ọjọ́ mélòó ló máa ń bọ́ lọ́dún? Wọ́n ń sanwó fún ẹ torí ìyẹn?" Kò fi "ẹ̀yin" bá mi sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ ibí ṣe ń sọ ọ́, mo ti gba kámú. Ó ń ronú ohun tí yóò kọ́ ní yunifásítì ni, ìyá rẹ̀ sì ní kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, fún òun àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá iṣẹ́ tó lè bá a dàgbà.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ ní pólì Ìbàdàn kí n tó bá ọkọ mi wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹ jẹ́ kí n fo bí mo ṣe ríṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san, kò sí adùn kankan níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì kékeré kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà ní Woolwich gbà mí kí n máa da àwòrán kọ. Ọ̀gá ibẹ̀ ni Mísítà Baird, ará Scotland, ọkùnrin gíga gbígbẹ kan tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó mu tíì rẹ̀ tán.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí tèmi gbóná dáadáa. Mo rò pé ìwé ẹ̀rí tí mo gbé wá láti Ìbàdàn yóò jẹ́ kí wọ́n fún mi níṣẹ́ gidi. Mísítà Baird wò ó, ó ní ó dára, ó dá a padà fún mi, ó sì fún mi ní pẹ́ńsùlù kí n lọ máa kọ lẹ́tà. A, B, D ni mo ń kọ lójoojúmọ́, kí gbogbo wọn ga bákan náà, kí wọ́n nípọn bákan náà, títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n bí ẹnu mi ṣe mọ Fátíà. Bí ìlà kan bá nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, á rọra tú bébà náà kúrò lórí pátákó, á ní, "Wẹ́dà tó bá wo èyí, ibo ló máa gé irin dé?" Kò pariwo mọ́ mi rí. Ìbá sàn kó tilẹ̀ pariwo.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń lálàá rẹ̀. Mísítà Baird á fi ìka lé ibì kan lórí àwòrán, á ní, "Ẹrù tó wà níhìn-ín, ọ̀nà wo ló gbà dé ilẹ̀?" Ìwọ náà gbọ́dọ̀ fi ìka tìrẹ tọ ọ̀nà náà, láti ara páànù bọ́ sórí igi kékeré, láti igi kékeré bọ́ sórí igi ńlá, láti igi ńlá sọ̀ kalẹ̀ gba ara òpó, títí dé ìpìlẹ̀. Bí ìka rẹ bá dúró lójú ọ̀nà, ilé ti wó nìyẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ilé tí mo wó lórí bébà kò lóǹkà. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, tí n óò yíjú sí fèrèsé kí ẹni tó jókòó tì mí má bàa rí omi lójú mi.

Síbẹ̀ ènìyàn ni ọ̀gá mi. Yàrá tóóró tí a ń kó bébà sí ni mo ti máa ń kírun Àyìlá lọ́sàn-án, mo máa ń há ara mi sáàárín àwọn páálí. Ní ọjọ́ kan mo wọ ibẹ̀, mo rí i pé ẹnì kan ti to àwọn páálí náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti gbálẹ̀, ó sì ti fi pẹ́ńsùlù ya ọfà kékeré kan sí ara ògiri. Mísítà Baird ti ṣírò ibi tí Mẹ́kà wà, ó sì ti kọ díígírì rẹ̀ sábẹ́ ọfà náà pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ tó gún régé. Kò bá mi sọ ọ́, èmi náà kò bá a sọ ọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ó kórìíra mi ló ṣe ń tú bébà mi.

Ẹ̀yìn èyí ni mo tó kọ́kọ́ rí sínóò tó pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò rìn, bọ́ọ̀sì dúró. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Plumstead, inú mi sì ń dùn lábẹ́lẹ̀ pé n óò bá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní títì, n óò sì padà sílé. Mísítà Baird ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà rọ́bà, ó mú bàtà rọ́bà mìíràn dání fún mi, ó sì gbé ọ̀pá ìwọ̀n sí èjìká. Ó ní òní gan-an ni ilé ìwé wọlé.

A lọ sórí pápá Kọ́mọ́ọ̀nù, ní ọ̀kánkán bárékè àwọn sójà. Ó ki ọ̀pá bọ sínóò ní gbangba pápá, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ki í bọ ẹsẹ̀ ògiri kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé itan mi. A yí ògiri náà po sí ẹ̀gbẹ́ kejì, koríko ni a bá níbẹ̀, kò sí sínóò rárá. Ọ̀run kan náà ló ti bọ́, lọ́jọ́ kan náà. Ó bi mí pé kí ló fà á. Mo ní atẹ́gùn ni.

Ó ní, "Atẹ́gùn ń gbé e lọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni yóò sọ ẹrù rẹ̀ sí. Ìwọ ṣáà máa wá ibi tí atẹ́gùn ti ń sinmi. Ibẹ̀ ni òrùlé ti ń wó."

Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ sí Lesnes Abbey, àwókù ilé àwọn mọ́ńkì ayé àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ní Abbey Wood. Òrùlé ti kúrò lórí rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìdajì ògiri ló kù. Ògiri gíga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kúkúrú, igun wà, kọ̀rọ̀ wà. Bí ẹni pé wọ́n to gbogbo irú ilé tó wà láyé sílẹ̀ fún wa láti fi kẹ́kọ̀ọ́ ni. Nínú kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, sínóò ti ga bí ilé ikán. Mísítà Baird ní kí n bu èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú korobá, kí n gbé e. Ó fúyẹ́ bí òwú. Ó ní kí n dà á nù, kí n bu èyí tí atẹ́gùn ti kì mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Bí iyanrìn tútù ló rí.

Ó ní, "Má pè é ní sínóò mọ́. Ẹrù ni."

Láti ibẹ̀, ènìyàn lè rí gbogbo Thamesmead nísàlẹ̀ títí dé etí odò, òrùlé pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé gíga, gbogbo rẹ̀ funfun. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀, n kò rí i rí. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára. Mo dúró nínú òtútù, ọwọ́ mi kú, mo sì ń dá ka àwọn kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn yóò ti sinmi.

Ṣáájú àkókò yẹn, bí ẹni tẹ́ aṣọ lé bẹ́ẹ̀dì ni àwọn ẹnjiníà ṣe máa ń ṣírò sínóò, kó tẹ́jú, kó dọ́gba níbi gbogbo. Ìwé ìlànà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ó ní a gbọ́dọ̀ máa ṣírò òkìtì tí atẹ́gùn ń kó jọ pẹ̀lú, pàápàá níbi tí ilé gíga bá ti fara kan ilé kúkúrú. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń kùn pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Mísítà Baird ní kí n kà á títí n óò fi máa sọ ọ́ lójú oorun.

Ṣùgbọ́n ilé tí a ti kọ́ kí ìwé tó dé ńkọ́? Ibẹ̀ ni àjálù ti bá wa.

Ọ́fíìsì wa ti yàwòrán ilé ìkẹ́rùsí gíga kan fún oníṣòwò pákó nítòsí odò ní Thamesmead. Òrùlé ilé náà lágbára. Èmi ni mo da àwòrán rẹ̀ kọ, mo mọ gbogbo igi rẹ̀ bí mo ṣe mọ ìka mi. Ilé búrẹ́dì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an. Kí ilé tiwa tó dé, atẹ́gùn máa ń gbá orí òrùlé ẹlẹ́búrẹ́dì mọ́ tónítóní ni. Ìgbà tí ilé gíga wa dúró síbẹ̀, atẹ́gùn á gba orí tiwa kọjá, á sì rí ibi sinmi lẹ́yìn rẹ̀.

Sínóò ọdún yẹn gbẹ bí èlùbọ́, atẹ́gùn ìlà-oòrùn sì ń gbé e kiri. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó ń ga sí i lẹ́sẹ̀ ògiri wa, lórí òrùlé onílé, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ tí igi òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ìyẹn ni oore igi. Ó máa ń ké kó tó dá. Wọ́n sá jáde. Ọ̀kan nínú wọn padà lọ pa ààrò, igi sì já lù ú, ó ṣẹ́ ẹ léjìká. Ọlọ́run ló ní kò ní kú.

Èmi àti Mísítà Baird débẹ̀ ní ọ̀sán. Ìyẹ̀fun àti sínóò ti dà pọ̀ nílẹ̀, o kò lè mọ èwo ni èwo. Ẹlẹ́búrẹ́dì náà, bàbá arúgbó kan, dúró síta pẹ̀lú épírọ̀nù rẹ̀, kò sunkún, kò bínú, ó ṣáà ń wo ojú ọ̀run nínú ilé rẹ̀. Ilé tiwa dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ya, kò tẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì bi wá léèrè ohunkóhun. Ọ̀gá mi lè wò ó kó padà lọ. Ó lọ bá bàbá náà, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Baird lorúkọ mi. Èmi ni mo yàwòrán ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Tìtorí rẹ̀ ni tiyín ṣe wó."

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe dé Plumstead, ọ̀gá mi ní, "Ilé tí a kọ́ kò ní àbùkù, Sìdíkátù. Ilé tí a kò wò ló wó."

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mísítà Baird pinnu pé àwa tí a jìn síbẹ̀ náà yóò kọ́gbọ́n. Ó dá iṣẹ́ tuntun dúró, ó ní kí a lọ wo gbogbo ilé gíga tí ọ́fíìsì náà ti yà rí, kì í ṣe ilé náà fúnra rẹ̀, bí kò ṣe aládùúgbò rẹ̀. Èmi ni ó rán láti máa kanlẹ̀kùn. Àwọn kan rò pé mo wá ta nǹkan, àwọn mìíràn rò pé mo wá wàásù. Bí mo bá ní mo wá wo òrùlé wọn nítorí ilé ẹlòmíràn, wọ́n á wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kéèyàn sùn. Ará ilé ni òrùlé aládùúgbò. A rí àwọn tó wà nínú ewu, a bá wọn fún òrùlé wọn lágbára kí òtútù mìíràn tó dé. Àwọn oníbàárà kan sá fún wa nítorí pé ọ̀gá mi jẹ́wọ́. Àwọn mìíràn sì wá nítorí ìdí kan náà, àwọn wọ̀nyí ló sì bá wa kalẹ́.

Àsìkò yẹn náà ni kọ̀ǹpútà wọ ọ́fíìsì wa. Wọ́n gbé e sí ibi tí pátákó ìyàwòrán mi wà tẹ́lẹ̀, inú bí mi. Mísítà Baird fi aṣọ bò ó fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni bo àgò adìyẹ. Nígbà tó ṣí i, ó gbé òfin kalẹ̀: kí n kọ́kọ́ fọwọ́ ṣírò, kí ẹ̀rọ ṣe tirẹ̀, bí àwọn méjèèjì kò bá bára mu, kí n sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ohun tí mo ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, ẹ̀rọ náà ń ṣe é kí tíì mi tó tutù. Kò pẹ́ tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó ní òrùlé kan dára, ọwọ́ mi sì ní kò dára. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe. Ẹni tó tẹ iṣẹ́ náà sínú ẹ̀rọ kò sọ fún un pé ilé gíga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì da sínóò rẹ̀ pẹrẹsẹ. Kọ̀ǹpútà kì í yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe iṣẹ́ yìí lónìí, ẹ̀rọ yín gbọ́n ju tiwa lọ, ẹ lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa yọjú lójú fèrèsé.

Mo ń lọ sí ilé ìwé ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo ìgbà yìí, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti oúnjẹ lórí iná. Mo ṣe ìdánwò àwọn ẹnjiníà, mo yege. Àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wọlé, wọ́n á na kóòtù wọn sí mi kí n bá wọn gbé e kọ́. Láti ọjọ́ tí èsì yẹn jáde, Mísítà Baird ló máa ń gba kóòtù náà lọ́wọ́ wọn, á ní, "Ẹnjiníà yín nìyẹn." Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo gbọ́ o.

Mo ti ya òrùlé ilé ìwé, òrùlé ilé ìwòsàn, òrùlé ọjà ńlá, kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí èyí tó wó nínú wọn. Àmọ́ nígbà tí ọmọ àbúrò mi bi mí pé èwo ló dùn mọ́ mi jù, mo ní ti mọ́ṣáláṣí wa ni.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwa mùsùlùmí Yorùbá tó ń gbé agbègbè Woolwich rówó ra ilé ìkẹ́rùsí kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Thamesmead, ní ìtòsí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ṣọ́ọ̀ṣì ti wà nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí yòókù ládùúgbò náà, tiwa ló kù. Ilé ọ̀hún rẹlẹ̀, òrùlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ìmọ̀ràn àwọn ìgbìmọ̀ ni pé kí a kọ́ gbọ̀ngàn tuntun tó ga mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn ọkùnrin, kí àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ilé kéwú wà nínú èyí tó rẹlẹ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn yàwòrán gbọ̀ngàn náà físàbílílláì, láìgba kọ́bọ̀. Mo gbà. Àmọ́ bí mo ṣe dúró níta tí mo ń fojú wọn ibi tí ògiri tuntun yóò dé, ilé búrẹ́dì ni mo ń rí.

Mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé n óò yàwòrán tuntun, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún òrùlé àtijọ́ lágbára. Alága wa, Alhaji Músílíù, ará Ìbàdàn tó ń wa bọ́ọ̀sì, kò rò ó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ààwẹ̀ ń sún mọ́lé, òrùlé náà ti wà níbẹ̀ kí a tó dé, kò jò rí. Ó ní, "Auntie Sìdí, sínóò mélòó ló ń bọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù? Èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì ni kí wọ́n bi." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ní iná kọ́, omi dídì ni.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo gbé páálí méjì wá, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, mo tò wọ́n tira wọn lórí tábìlì. Bébà lásán ni mo fi ṣe òrùlé èyí tó kúrú. Mo gbé fáànù sẹ́yìn páálí gíga, mo sì gbé àpò sẹmó fún Alhaji fúnra rẹ̀, mo ní kó máa dà á síwájú fáànù díẹ̀díẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Sẹmó fò kọjá lórí páálí gíga, kò dúró níbẹ̀ rárá. Ó bọ́ sórí èyí tó kúrú, kò sì tàn kálẹ̀. Ẹsẹ̀ ògiri ló ń kó jọ sí, ó ń ga, ó ń ga, títí bébà náà fi tẹ̀, tó sì já wọnú.

Ẹ̀rín tán. Mummy Ràfátù, olórí àwọn obìnrin wa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ìpàdé. Wọ́n wo inú páálí náà dáadáa.

Wọ́n ní, "Alhaji, àwa ló wà níbẹ̀ yẹn. Àwa àti àwọn ọmọ yín."

Alhaji Músílíù gbọn sẹmó kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni a máa ṣe.

Ohun tí a ṣe ni pé a fi igi tuntun há àárín àwọn igi àtijọ́, kí wọ́n sún mọ́ra lẹ́sẹ̀ ògiri gíga níbi tí òkìtì yóò wà, a sì gbé irin ìdábùú kan sábẹ́ wọn. Àwọn obìnrin kò fẹ́ òpó láàárín gbọ̀ngàn, nítorí yóò já sáàfù wọn, ìlà tí wọ́n ń tò kírun. Wọ́n jàre. Mo tún ìṣírò ṣe títí gbogbo òpó fi fara mọ́ ògiri. Mo gbé àwòrán náà lọ fún Mísítà Baird wò. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mu tíì rẹ̀ tán, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn káfíńtà ń ṣiṣẹ́, mo gun àkàbà lọ di gbogbo bóòtì tó so igi mọ́ irin wò fúnra mi. Lẹ́yìn èyí ni gbọ̀ngàn gíga náà dìde, ó sì parí kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Inú ààwẹ̀ gan-an ni sínóò dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, atẹ́gùn ìlà-oòrùn ń gbé e gba etí odò wá, kò sì dáwọ́ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Alhaji Músílíù pè mí ní ọ́fíìsì. Kò sí àwàdà lóhùn rẹ̀. Ó ní àwọn èrò ti ń bọ̀, ẹnu mi ni wọn yóò gbọ́, ṣé kí wọ́n wọlé àbí kí òun dá wọn padà. Mo ní kó má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni títí n óò fi dé.

Nígbà tí mo débẹ̀, Alhaji di àkàbà mú fún mi. Bí mo ṣe yọrí sókè, mo rí i pé orí gbọ̀ngàn tuntun mọ́ fónífóní. Lórí èyí tó rẹlẹ̀, lẹ́sẹ̀ ògiri, òkìtì náà dé àyà mi, ó le, ó sì nà láti igun dé igun. Kéèyàn kọ ẹrù sórí bébà yàtọ̀ sí kó bá a pàdé lójúkojú. Mo gbá ara mi mú, mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ níhìn-ín, mo ki í bọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún. Ibi tó ga jù níbẹ̀ kò tíì dé ibi tí mo ti múra sílẹ̀ dè é. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ inú gbọ̀ngàn èmi nìkan. Mo wo igi kọ̀ọ̀kan. Mo na okùn sábẹ́ irin ìdábùú láti mọ̀ bóyá ó tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò tẹ̀. Mo dúró, mo tẹ́tí. Kò sí igi kan tó han.

Mo ṣílẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ti tò síta nínú òtútù, wọ́n fi ìborùn bo àwọn ọmọ wọn. Mummy Ràfátù wò mí lójú, wọ́n ní, "Ṣé ó dá ọ lójú, Sìdí?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú, mà."

Mo gbé ẹní mi, mo lọ tẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ ògiri gíga, abẹ́ òkìtì náà gan-an. Mummy Ràfátù tẹ́ tiwọn tì í. Àwọn yòókù tò tẹ̀lé wa títí sáàfù fi kún, èjìká kan èjìká. Ìmáàmù kírun. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀, mo mọ ohun tó wà lórí wa, ọkàn mi sì balẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun, àwọn obìnrin ń ká ẹní, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sè fún ìṣínu. Àwọn ọmọdé ń lé ara wọn kiri. Alhaji Músílíù gba maikirofóònù. Ó ṣàlàyé fún gbogbo ìjọ ohun tó wà lórí òrùlé àwọn obìnrin, ó ní òun fúnra òun gun àkàbà lọ rí i lẹ́yìn mi. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ti òun ni wọ́n ṣe, a kì bá máa wá kírun lónìí, òkú ni à bá máa kírun sí lára.

Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn tó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Igi tuntun àti igi àtijọ́ tò lọ lókè wọn, wọn kò mì. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ kábárà, Allahu Akbar, gbọ̀ngàn méjèèjì sì gbà á. Mummy Ràfátù di ọwọ́ mi mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, oòrùn kò tíì wọ̀, ṣùgbọ́n mo ti yó.